Bàbá mi fi CD igba sílẹ̀: sọ́fítíwíà wo, irú fáìlì wo ni kí n fi kó orin inú wọn pamọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi tó papò dà lọ́dún tó kọjá fi CD tó tó igba sílẹ̀: jùjú, fújì, àpàlà, orin ìjọ, àti díẹ̀ nínú orin òyìnbó. Mo fẹ́ kó gbogbo wọn sórí kọ̀ǹpútà kí èmi àti àwọn àbúrò mi tó wà lókè òkun lè jọ máa gbọ́ wọn. Ẹnì kan ní kí n fi Windows Media Player kó wọn, kí n sọ wọ́n di MP3. Ẹlòmíràn ní MP3 ń ba orin jẹ́, pé FLAC ni kí n lò. Àwọn kan nínú CD náà ti họ. Windows ni láptọ́ọ̀pù mi ń lò, kò sì ní ibi tí wọ́n ń ki CD bọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Ẹ lo sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ Exact Audio Copy, ẹ fi kó gbogbo CD náà sí FLAC, irú fáìlì tí kì í gé ohunkóhun kúrò nínú orin, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi FLAC yẹn ṣe MP3 fún fóònù, ọkọ̀ àti àwọn àbúrò yín. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àríyànjiyàn FLAC àti MP3 gba gbogbo ọkàn yín. Bí ẹ ṣe máa ka CD náà ló ṣe pàtàkì jù. A lè pààrọ̀ irú fáìlì lọ́la tàbí lọ́túnla, ṣùgbọ́n CD tí a kò kà dáadáa lónìí, tó sì wá bàjẹ́ tán lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ wo ohun tó wà nínú CD. Sony àti Philips ló jọ ṣe ìlànà CD orin, ọdún 1980 ni wọ́n sì fi ìlànà náà léde. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n wọn ohùn nígbà 44,100 fún etí ọ̀tún, wọ́n wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ náà fún etí òsì, bíìtì 16 sì ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Orin wákàtí kan, bí a kò bá fún un pọ̀ rárá, á gba nǹkan bíi 635 MB. CD tí wọ́n ń kó fáìlì kọ̀ǹpútà sí ní ààbò kan tí CD orin kò ní. Nínú báìtì 2,352 tó wà ní ìpín kọ̀ọ̀kan, 2,048 ni wọ́n fún fáìlì, wọ́n sì fi ìyókù ṣọ́ ọ, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé ohun tí òun kà pé, kó sì lè tún un ṣe bí kò bá pé. CD orin fi gbogbo 2,352 ṣe orin. Ó ní àtúnṣe tirẹ̀ lóòótọ́, èyí tó lè bo ibi tó họ tó fẹ̀ tó mìlímítà méjì ààbọ̀, ṣùgbọ́n bí ibi tó họ bá ju ìyẹn lọ, ẹ̀rọ á fojú díwọ̀n ohùn tó yẹ kó wà níbẹ̀, á fi dí ihò náà, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má fi Windows Media Player ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ń kó orin, ó sì yá. Bí CD bá mọ́ tónítóní, ohun tó kó lè pé pérépéré. Ṣùgbọ́n kò ní sọ èyí tó pé àti èyí tí wọ́n fi àdíwọ̀n dí fún yín. Ẹ ò sì lè jókòó ti CD igba kí ẹ máa fi etí wá ibi tó ti já.

Exact Audio Copy, EAC ni gbogbo èèyàn ń pè é, jẹ́ iṣẹ́ ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Andre Wiethoff. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń lò ó nílé. Bí ẹ bá fi sí ipò tó ń pè ní Secure, á máa ka ìpín kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, á sì máa fi méjèèjì wéra. Bí wọn kò bá bára mu, á padà síbẹ̀, á tún un kà, ó lè kà á tó ìgbà 82 kó tó gbà pé apá òun kò ká a. CD tó dáa kì í pẹ́. Èyí tó họ púpọ̀ lè jẹ ọ̀sán kan mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó bá parí, á kọ àkọsílẹ̀ kan sínú fóldà, fáìlì .log ni. Ẹ má pa fáìlì yìí rẹ́ láé, torí òun ni ẹ̀rí yín. Fún orin kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí Test CRC àti Copy CRC níbẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ tó tò tẹ̀ léra, bíi 7C41E0B2. Bí àwọn méjèèjì bá jọra, ìgbà méjì tí dráìfù, ẹ̀rọ tó ń ka CD, ka orin náà, ohun kan náà ló gbọ́. Bí wàhálà bá wà, ẹ ó rí Suspicious position, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tí wàhálà náà wà. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ tẹ́tí sí. Ìyẹn wúlò gidi fún orin tiwa, nítorí pé jùjú àti fújì kì í sábà jẹ́ orin ìṣẹ́jú mẹ́rin. Orin kan lè lọ ìdajì wákàtí láìdúró, látìgbà tí ojú rẹ́kọ́ọ̀dù kan ti ń jẹ́ orin kan. Bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì bá bàjẹ́ nínú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, CRC gbogbo orin náà ò ní bára mu, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ yìí á jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìyókù dáa.

Ẹ̀rí kejì tún wà, AccurateRip ni orúkọ rẹ̀. Ó jẹ́ àkójọ àbájáde tí àwọn èèyàn káàkiri ayé rí nígbà tí wọ́n ka CD wọn. EAC á fi tiyín wé tiwọn, bí ó bá bára mu pẹ̀lú ti ogún èèyàn tí ẹ ò mọ̀ rí, ọ̀rọ̀ parí. Lórí CD òyìnbó tó gbajúmọ̀, ẹ ó rí ẹ̀rí yìí kíákíá. Lórí CD tí wọ́n tẹ̀ nílùú wa, ohun tí ẹ ó sábà rí ni pé orin náà kò sí nínú àkójọ. Ẹ má bẹ̀rù, kò túmọ̀ sí pé CD yín bàjẹ́. Ó kàn jẹ́ pé kò tíì sí ẹni tó kà á ṣáájú yín. Irú CD báyìí, Test & Copy ni kí ẹ lò fún un, kí EAC kà á lẹ́ẹ̀mejì, kó sì fi CRC méjèèjì hàn yín. Èyí tí ẹ bá fẹ́ràn jù nínú wọn, ẹ tún fi dráìfù mìíràn kà á. Dráìfù méjì tí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe kì í sábà ṣi ohun kan kà bákan náà.

Àtúntò kan wà tí AccurateRip ń béèrè kó tó lè ṣiṣẹ́. Dráìfù kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, òmíràn tètè bẹ̀rẹ̀, òmíràn pẹ́ díẹ̀. Àwọn kan fi ìwọ̀n 6 péré yàtọ̀, àwọn míì fi 667. Etí ò lè gbọ́ ọ, torí 44,100 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n CRC á yí padà. Bí ẹ bá ki CD òyìnbó tó gbajúmọ̀ bọ dráìfù, EAC á mọ iye tó jẹ́ ti dráìfù yín fúnra rẹ̀. CD jùjú ò lè ràn yín lọ́wọ́ níbi yìí. Nítorí náà, ẹ fi àwọn CD òyìnbó Bàbá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí dráìfù lè tò dáadáa kí ẹ tó dé orí tiwa.

Fún dráìfù, ẹ ra èyí tí wọ́n ń fi wáyà USB so mọ́ láptọ́ọ̀pù. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ á ṣiṣẹ́, àmọ́ iná tó ń gbà lára láptọ́ọ̀pù kì í tó o nígbà míì. Bí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ tó ń dúró, ẹ fi wáyà rẹ̀ sójú USB mìíràn lára láptọ́ọ̀pù gan-an, ẹ má fi nǹkan kan sáàárín. Bí ẹ bá rí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ orí tábìlì tí dráìfù DVD ńlá wà nínú rẹ̀, èmi á yan ìyẹn, àgàgà fún CD tó họ.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ to CD náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ohun tí à ń pè ní CD orin nílé wa kì í ṣe irú kan. Ẹ ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ̀ ọ́, ẹ ṣí i. Bí ẹ bá rí Track01.cda, Track02.cda, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, CD orin gidi ni. Ẹ wo bí fáìlì náà ṣe tóbi tó, báìtì 44 péré ni. Kò sí orin kankan nínú .cda. Ó kàn ń sọ ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀ lórí CD àti bó ṣe gùn tó ni. Ẹni tó bá fà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà kò tíì kó nǹkan kan, bó bá sì wá fi CD náà tọrẹ, orin lọ.

Bí ó bá jẹ́ fáìlì .mp3 ni ẹ rí, ọgọ́rùn-ún orin lórí CD kan, irú àkójọ tí wọ́n ń tà létí títì nìyẹn. EAC ò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ da àwọn fáìlì náà kọ bí wọ́n ṣe wà, ẹ má yí wọn padà sí ohunkóhun. Bí ó bá jẹ́ fóldà MPEGAV ni ẹ rí, tí AVSEQ01.DAT sì wà nínú rẹ̀, VCD nìyẹn, orin alàwòrán. Ọ̀pọ̀ orin fújì àti orin ìjọ ló jáde báyìí. MP2 ni ohùn inú rẹ̀, 224 kbps (kílóbíìtì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan). Ẹ da .DAT náà kọ, VLC á ṣí i. Ẹni tó bá fẹ́ ohùn nìkan lè fi sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ ffmpeg fa MP2 náà yọ bó ṣe wà, láìtún un fún pọ̀.

Ẹ wá yí ìdí àwọn tó ní .cda sókè. Èyí tó ń dán bíi fàdákà, ilé-iṣẹ́ ló sábà máa ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ìdí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró, CD-R ni, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kọ ọ́. Ara àwọ̀ yẹn ni orin wà, ooru àti oòrùn sì máa ń pa á. CD-R tó ti pẹ́ nínú ọkọ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lè máa dún lónìí kó má dún mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí dráìfù bá ti tò tán, àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ kọ́kọ́ kó, kí ẹ tó kan àwọn tó ń dán.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé MP3 ni ẹni tó kọ CD-R náà fi kọ ọ́, àgàgà bó bá jẹ́ ayédèrú. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Spek, tó ń ya àwòrán ohùn. Bí ẹ bá ju orin náà sínú rẹ̀, tí ẹ sì rí i pé ohùn gé gbọnrangandan ní nǹkan bíi 16 kHz, bí ẹni fi rúlà fà á, ó sábà jẹ́ pé MP3 bíi ti 128 kbps ló ti wá. Rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ náà lè máà ní ohùn òkè púpọ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ máa ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. FLAC náà ni kí ẹ ṣì kó o sí. Kò ní sọ ọ́ di tuntun, ṣùgbọ́n kò ní tún gé kúrò nínú èyí tó ṣẹ́ kù, tí MP3 sórí MP3 á sì gé.

Ní ti èyí tó họ tàbí tó dọ̀tí, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀ àti aṣọ tó rọ̀ ti tó. Ẹ nù ún láti àárín lọ sí etí, tààrà. Ẹ má nù ún yípo láé. Orin inú CD ń yí po láti inú bọ̀ síta, nítorí náà ibi tó họ ní ìyípo á gba orí orin kan náà kọjá fún ìgbà pípẹ́, àtúnṣe tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ò sì ní ká a mọ́. Ibi tó họ tààrà ń ré orin kọjá lásán ni. Ẹ má fi pẹtiróòlù tàbí omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ kàn án. Ẹ sì máa ṣọ́ra fún òkè, ibi tí orúkọ olórin wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìdí nìkan ni ewu wà, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ọ̀dà òkè yẹn gan-an ni orin wà. Ìdí tó họ ṣeé dán, òkè tó ti ṣí kò látùn-únṣe.

Ní báyìí, irú fáìlì. FLAC dà bí agbádá tí a ká sínú àpótí: bí a bá tú u, agbádá náà ni, kò dín. MP3 gé nínú aṣọ. Ó gé ibi tí etí ò fi bẹ́ẹ̀ nílò, ó sì mọ̀ ọ́n gé, ṣùgbọ́n èyí tó gé kò ní padà. CD wákàtí kan nínú FLAC á sábà gba nǹkan bí ìdajì 635 MB yẹn tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ó jẹ́ 350 MB, CD igba á gba nǹkan bíi 70 GB. Hard disk tó kéré jù tí wọ́n ń tà lónìí gbà á pẹ̀lú àyè. Nọ́ńbà 0 sí 8 tí FLAC ń béèrè, ìfúnpọ̀ ló wà fún, ohùn kan náà ni. Ẹ fi sí 5, ẹ máa lọ. FLAC tún fi àmì kan pamọ́ sínú ara rẹ̀ tí ẹ lè fi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá bóyá ohunkóhun ti bàjẹ́. WAV, fáìlì orin tí a kò fún pọ̀, kò ní ìyẹn, ó sì gbàyè ní ìlọ́po méjì. Bí àbúrò yín kan bá ń lo ohun èlò Apple, tí Music wọn ò gba FLAC, ẹ yí tirẹ̀ sí ALAC, irú FLAC ti Apple, kò sí ohun tó máa sọ nù.

MP3 fún ọkọ̀ ńkọ́? Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ bíi foobar2000 tàbí fre:ac á yí gbogbo fóldà lẹ́ẹ̀kan náà. LAME, ohun èlò tó ń ṣe MP3, ni kí ẹ fi ṣe é, ní ìwọ̀n dídára V2, nǹkan bíi 190 kbps, wákàtí kan á gba 85 MB. Ẹni tó ní kí ẹ lo 320 kò parọ́, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ lórí títì wa, ẹ ò ní gbọ́ ìyàtọ̀. Ẹ fọ́máàtì flash sí FAT32, torí ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ kò mọ òmíràn. Èyí tí ẹ máa fi ránṣẹ́ lórí fóònù, irú fáìlì tó ń jẹ́ Opus ní 128 kbps kéré sí i, ó sì dùn.

Ohun tó máa gba àkókò yín jù ni orúkọ. MusicBrainz, àkójọ orúkọ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè kọ orúkọ orin òyìnbó fún yín, ṣùgbọ́n fún CD tiwa, ìwé inú páálí ni ẹ ó máa wò, ẹ ó sì máa tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Orúkọ oyè àwọn olórin fújì ń pọ̀ sí i láti rẹ́kọ́ọ̀dù kan dé òmíràn: Wasiu Ayinde Barrister, Wasiu Ayinde Marshal, K1 De Ultimate, ẹnì kan náà ni, fóònù á sì kà á sí èèyàn mẹ́ta. Nínú táàgì, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó wà nínú fáìlì orin, ẹ kọ orúkọ bó ṣe wà lórí páálí sí ARTIST, kí ẹ sì yan ẹyọ kan ṣoṣo fún ALBUMARTIST lórí gbogbo rẹ̀. Ẹ fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí orúkọ orin nínú táàgì, FLAC gbà á. Ṣùgbọ́n nínú orúkọ fáìlì, ẹ lo lẹ́tà lásán, torí rédíò ọkọ̀ á sọ lẹ́tà tó ní àmì di àpótí àti àmì ìbéèrè. Ẹ fi skánà ya àwòrán páálí náà, iwájú àti ẹ̀yìn, ní 300 dpi. Bí ẹ bá ráyè, ẹ kọ CD náà sínú MusicBrainz. Ọ̀pọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù wa ò sí níbẹ̀, ó sì ń dùn mí gan-an, torí ẹni tó bá ki irú rẹ̀ bọ dráìfù ní London tàbí Houston, "Unknown Artist" ló ń rí.

Ẹ tọ́jú FLAC náà sórí hard disk méjì, kí ọ̀kan má sí nínú ilé yín. Àwọn àbúrò yín lókè òkun ni mo máa fi èkejì ránṣẹ́ sí. Kí ó jẹ́ ti ilé nìkan o, ẹ má gbé e sójú íntánẹ́ẹ̀tì, torí àwọn olórin yẹn àti ọmọ wọn ṣì ń jẹun látara rẹ̀.

Fún ẹlòmíràn tó ń ka èyí: lórí Mac, XLD ń ṣe iṣẹ́ EAC, lórí Linux, whipper. dBpoweramp rọrùn jù gbogbo wọn lọ, àwọn tó ṣe AccurateRip ló ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ń tà á ni.

Bí CD kan bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ wò ó bóyá sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ CUETools mọ̀ ọ́n. Ó ní àkójọ tirẹ̀ tó lè tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, bí ẹlòmíràn bá ti ka irú CD náà rí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ tọ́jú èyí tí ẹ rí kó pẹ̀lú .log rẹ̀, ẹ kọ orúkọ CD náà sílẹ̀, ẹ bi àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá bóyá wọ́n ní ọ̀kan tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. CD gan-an, ẹ má jù ú nù. Dráìfù tí ẹ kò tíì rà lè kà á.